Wákàtí Ọgọ́fà

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kọkànlá, 1988

Ẹ̀rọ náà dé lónìí. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lórí, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá rẹ̀ sílẹ̀. Àwa tí a ti ń mí eruku amọ̀ láti ọdún mẹ́ta, fèrèsé lásán ni tiwa. Lójú ẹsẹ̀ ni mo sọ ọ́ ní Ìyàwó. Kí a tó ṣíwọ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹnjiníà tó mú un wá ń jẹ́ Josiah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó kàwé nílùú òyìnbó. Ó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà kọ́ nìyí, pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ló wà nínú rẹ̀. Tí a bá kó ohun tí àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí i nínú, yóò máa ronú bíi tiwọn, yóò máa sọ ohun tó fẹ́ ba ife jẹ́ kí ife tó bàjẹ́.

Nínú ọgọ́rùn-ún ife tí a bá sun níbí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń bàjẹ́. Èmi ni mo ń yọ wọ́n. Mo ń fi ọ̀pá kékeré kan ife kọ̀ọ̀kan, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó dá ṣáká á dún pẹ́. Èyí tó ti sán, ohùn rẹ̀ á há. Tí mo bá ti kan bí igba, ara mi á fúyẹ́, n kò ní mọ̀ bóyá mo jókòó tàbí mo ń fò. Ìyá mi ní alálàá-ọ̀sán ni mí. Irọ́ kọ́.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kọkànlá

Ìyàwó kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ lọ. Josiah náà ti wá dà bẹ́ẹ̀ — ó ń kiri ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè. Mo ti sọ ọ́ ní Bẹ́ẹ̀ni-Bẹ́ẹ̀kọ́. (Nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pe ọ̀gá ní "ó".) Ó bi Mashood tó ń tọ́jú ààrò pé ṣé ó máa ń tètè ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀kọ́, sà. Ṣé ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí i? Bẹ́ẹ̀kọ́, sà. Ṣé ó tiẹ̀ máa ń ṣí i? Mashood rò ó títí. Bẹ́ẹ̀kọ́, sà.

Ni Ọ̀gá Onígò bá pè mí. Ọ̀gá àgbà wa nìyẹn, ìgò ojú wọn nípọn tó ìdí ìgò ọtí. Wọ́n ní èmi tí mo kàwé mẹ́wàá jáde, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bá ṣeré, èmi ni kí n lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, kí n kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì fún ẹnjiníà. Tó bá yọrí sí rere, ilé-iṣẹ́ yóò rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn fún oṣù mẹ́fà.

Ìbàdàn! Mo rìn délé, n kò rántí ọ̀nà tí mo gbà.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kọkànlá

Yàrá Tútù. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù ní gbogbo ilé-iṣẹ́. Ó ṣókùnkùn díẹ̀, omi ń kán, ife tí kò tíì ní etí tí a fi ń dì í mú tò lórí pákó lábẹ́ àpò ìdọ̀họ tí wọ́n rẹ sómi. Ẹni tó bá wọbẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ìyá Ṣàngódùnní ló ni ibẹ̀. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìkòkò ni ìyá wọn mọ, ìyá ìyá wọn náà mọ ọ́n. Ọwọ́ wọn funfun títí dé ìgbọ̀nwọ́, kódà lọ́jọ́ ọdún.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo yọ bírò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Marufat, o wá jí ọgbọ́n mi gbé fún ìyàwó olójú dígí yẹn." Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà. Wọ́n ní kò sí ohun ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, pé ìyá àwọn kò fi pamọ́ fún àwọn.

Wọn ò fi nǹkan kan pamọ́ lóòótọ́. Bí ọyẹ́ bá dé, kí wọ́n rẹ àpò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Kí a tọ́ amọ̀ wò — mo tọ́ ọ wò, ó dùn díẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ó fi kún mi léyín. Etí ife ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Tí ara ife bá ṣì rọ̀, etí á tẹ̀ ẹ́ wọnú. Tó bá ti gbẹ jù, kò ní gba etí mọ́. Wọ́n ní, "Á gbà á lójú wa, á kọ̀ ọ́ nínú iná."

Mo ní ọjọ́ mélòó ni ife ń lò lábẹ́ àpò? Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún. "Ọrún ni. Bí wọ́n ṣe ń ná ọjà níbi tí wọ́n ti bí mi." Mo kọ ọ́: márùn-ún.

Nígbà tí mo kà á fún Bẹ́ẹ̀ni-Bẹ́ẹ̀kọ́, ó ní Ìyàwó kò mọ ọjọ́, wákàtí ló mọ̀. Ṣé ọgọ́fà wákàtí nìyẹn? Ó ní kí n padà lọ bi Ìyá kó dájú. Mo ṣírò rẹ̀ lórí — márùn-ún lọ́nà mẹ́rìnlélógún. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ni sà, ọgọ́fà ni, kò sí ohun tí mo ń lọ bi wọ́n." Ó wò mí bí ẹni tó rí nǹkan tó wù ú. Orí mi wú. Ó tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà àwọ̀ ewé ṣẹ́jú lójú dígí, Ìyàwó gbé e mì.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kọkànlá

Mo lá àlá pé gbogbo ife ilé-iṣẹ́ ń fetí sí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kọkànlá

Ìyàwó ti sọ̀rọ̀! Wọ́n bi í pé kí ló dé tí ife ìlà ẹnu ọ̀nà ààrò fi ń sán ju ti inú lọ. Ó bèèrè tirẹ̀ — ẹnu ọ̀nà gbóná tàbí kò gbóná, ìdí ife ló ti sán tàbí ẹnu rẹ̀. Josiah ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pẹ̀lú ariwo: ìlẹ̀kùn ààrò ti ń ṣí kí iná tó rọlẹ̀ tán.

Gbogbo ojú bọ́ sí ara Mashood. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun máa ń ṣí i díẹ̀, díẹ̀ báyìí, kí òun fi ooru rẹ̀ yan iṣu.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Ọ̀gá Onígò, wọ́n ní láti nu ìgò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Ẹ̀rọ kan jókòó sínú òtútù, ó sì mọ̀ nípa iṣu.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ṣàngódùnní kú ní Ìkòyí-Ilé, wọ́n lọ síbi òkú. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó dé. Ọ̀gá Onígò ní kò séwu, gbogbo ohun tí Ìyá mọ̀ ti wà nínú Ìyàwó. Wọ́n tẹ ìwé gbọọrọ jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri Yàrá Tútù, wọ́n fún Rúùtù tó ń ran Ìyá lọ́wọ́ ní aago kan. Wákàtí ọgọ́fà, kó má dín, kó má lé.

Ọwọ́ mi ni ìwé yẹn ti wá. Mo dúró wò ó bí ẹni ń wo àwòrán ara rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù kọkànlá

Ọyẹ́ ti yọjú. Òkè ò hàn mọ́, òpópónà parí sínú funfun. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ ohùn ife láìsí ife níbẹ̀. Bóyá Ìbàdàn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n mi Zulaikha bímọ lówùúrọ̀ yìí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin! Àlàáfíà ni tìyátọmọ. Ọkọ rẹ̀, Anas, rán awakọ̀ kan wá sọ fún wa.

Mo dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú ayọ̀ yẹn lẹ́nu. Wọ́n ti ṣí ààrò — ife àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìwé orí ògiri ṣe. Mo mú ọ̀kan, etí rẹ̀ kù sí mi lọ́wọ́, ife bọ́ sílẹ̀. Mo mú òmíràn. Márùn-ún péré ló dún dáadáa nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí mo kàn. Nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́kànlélógójì ni etí rẹ̀ ti já tàbí tó ti sán ní oríkèé. Etí kún ilẹ̀. A ń rìn lórí wọn, wọ́n ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ bàtà.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lónìí.

Ọjọ́rú, 30 oṣù kọkànlá

Wọ́n bi Ìyàwó. Ó dáhùn: Yàrá Tútù ni àbùkù ti wá.

Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyá Ṣàngódùnní dé láti Ìkòyí-Ilé, ojú wọn ṣì wú fún ẹkún. Wọn ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí Ọ̀gá Onígò fi ní kí wọ́n wá. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é tí etí kì í já. Ẹ wá sọ nǹkan mìíràn fún ẹ̀rọ. Ẹ fi ọgbọ́n yín pamọ́ kí á má baà lè ṣe é láìsí yín." Ìyá ní ohun tí àwọn ń ṣe ni àwọn sọ.

Lẹ́yìn náà Ìyá ní kí n ka ìwé ara ògiri yẹn sí àwọn létí. Mo kà á. Nígbà tí mo dé wákàtí ọgọ́fà, wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ní ọ̀sán márùn-ún àti òru márùn-ún, mà. Wọ́n wò mí pẹ́. Mo rò pé ojú ń tì wọ́n. Wọ́n ní, "Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn? Ó dáa."

Wọ́n ní kí Ìyá lọ jókòó sílé. Títí tí ọ̀gá yóò fi pinnu.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù kejìlá

Lẹ́tà Ìbàdàn dé. Orúkọ mi wà lórí rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Mo máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀.

Inú mi dùn, inú sì ń bí mi pé ó dùn. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé àgbà kì í tú gbogbo ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà lè sẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú: èmi náà gbà pé Ìyá purọ́ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù kejìlá

Ògbómọ̀ṣọ́, ilé Anas.

A kó ọmọ jáde lówùúrọ̀. Ààfáà ṣàdúà, wọ́n pe orúkọ sí i létí — Mìkáílù. Ó yán, ó tún sùn. Mo gbé e, ó fúyẹ́, ó ń rùn bí amọ̀ tuntun. Mo ti ń lọ sínú àlá ọ̀sán mi. Ni Zulaikha bá ní kí n gbà á dáadáa o, pé òru méje ni òun ò tíì fojú ba oorun. Ìyá Anas rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Òru méje lásán! Ẹ wo ìyá ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ."

Òru méje. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Mo dúró sójú kan. Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí i, Ìṣẹ́gun la sọ ọ́ lórúkọ. Mo kà á lórí ìka. Ìyàwó ì bá pè é ní méje, nítorí aago ló fi ń kà. Àwa ń pè é ní mẹ́jọ, nítorí ọjọ́ tí ọmọ dé gan-an la fi ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ọjà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka ọrún. Ọjọ́ márùn-ún Ìyá, òru mẹ́rin ni. Wákàtí mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ife ń fi odindi ọjọ́ kan gbẹ jù, á gba etí lójú wa, á kọ̀ ọ́ nínú iná.

Josiah ní kí n padà lọ bèèrè. Mo ní kò sí ohun tí mo ń lọ bi wọ́n.

Zulaikha gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó ní ojú mi ti yí.

Ọjọ́rú, 7 oṣù kejìlá

Mo tètè dé ibi iṣẹ́. Mo ṣí ìwé gbọọrọ yẹn kúrò lára ògiri Yàrá Tútù. Ìlà ẹfun ni mo bá lábẹ́ rẹ̀, márùn-ún márùn-ún, ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ti ọdún pípẹ́. Mo bi Rúùtù ìgbà tí Ìyá máa ń fa ìlà kìíní. Ó ní nígbà tí àwọn bá gbé pákó ife sílẹ̀ ni, kí ọwọ́ Ìyá tó gbẹ. Tí wọ́n bá fa ìlà karùn-ún, wọ́n á ṣí i.

Ó ti wà lára ògiri látọjọ́ yìí. Àwa la lẹ ìwé bò ó.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù kejìlá

Mo sọ fún Josiah. Mo rò pé yóò bínú. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní nǹkan yìí dára púpọ̀, pé àwọn olùkọ́ òun lókè òkun yóò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó tẹ bọ́tìnnì díẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ní ó ti parí.

Mo ní Ìyá ńkọ́?

Ó ní Ọ̀gá Onígò ti kọ ìwé ìdádúró wọn, pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n yóò fún wọn níwájú gbogbo wa. Ó ní tí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀gá kò ní gba Ìyàwó gbọ́ mọ́, Ìbàdàn tèmi náà yóò sì lọ. Ìyá ti dàgbà, ọdún méjì péré ló kù kí wọ́n fẹ̀yìntì. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Èèyàn burúkú kọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù kejìlá

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù kejìlá

Mo gba ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán lọ sílé Ìyá. Ọyẹ́ bo gbogbo orí òrùlé, n kò rí ju ilé méjì síwájú lọ, bí ẹni ń rìn lójú oorun. Wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ wọn ti mọ́. Ọjọ́ kìíní tí mo rí àwọ̀ ọwọ́ wọn nìyí, ó sì dùn mí ju ohun gbogbo lọ.

Mo kúnlẹ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ní, "O ti wá mọ̀ ọ́n kà."

Wọ́n mọ̀. Wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo kà á sí wọn létí, tí mo ní òru márùn-ún. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níbẹ̀, mà? Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Wọ́n ní, "Wọ́n fẹ́ rán ọmọ lọ sí Ìbàdàn, kí n wá dìde láàárín ilé-iṣẹ́ pé kò mọ ọjọ́ kà? Kí ló kù nínú iṣẹ́ tèmi?" Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń sunkún.

Nígbà tó yá, wọ́n ju òkúta kan sọnù láti inú ẹ̀wà. Wọ́n ní ọ̀kan ló ń dun àwọn. Kì í ṣe iṣẹ́. "Wọ́n ní mo fi ọgbọ́n pamọ́. Ìyá mi ò fi pamọ́ fún mi, Marufat. N kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

Wọ́n bu ẹ̀wà tí wọ́n ti ṣà tán fún mi pé kí n gbé e lọ fún ìyá mi. Mo gbà á.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kejìlá

Lẹ́tà Ìbàdàn wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. N kò lá àlá kankan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù kejìlá

Wọ́n pe gbogbo wa sẹ́yìn ààrò láago mẹ́wàá. Ìyá Ṣàngódùnní dúró níwájú, wọ́n wọ aṣọ tó dára jù lọ tí wọ́n ní, bí ẹni ń lọ síbi ẹ̀yẹ. Ọ̀gá Onígò mú ìwé jáde látinú àpò, wọ́n ní ẹni tó bá fi ọgbọ́n pamọ́ fún ilé-iṣẹ́...

N kò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀. Ohùn mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń ti ibì kan bọ̀ lọ́nà jíjìn. Mo ní wọn ò fi pamọ́. Mo ní èmi ni mo ṣi ọjọ́ kà. Mo sọ ti ìlà ẹfun, ti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ti wákàtí ọgọ́fà, àti pé ẹnjiníà ní kí n padà lọ bèèrè, mo ní kò sí ohun tí mo ń lọ bi wọ́n. Mashood ní "Haà!" Òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó ti ń kà á lórí ìka. Lẹ́yìn náà Rúùtù. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn, ogójì èèyàn nínú ọyẹ́, wọ́n ń ka ọjọ́ lórí ìka bí ọmọ iléèwé.

Ọ̀gá Onígò yọ ìgò ojú wọn. Wọ́n ní, "Lẹ́tà Ìbàdàn dà?" Mo ti mú un dání. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Ìyá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," wọ́n ti gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ká ìwé ìdádúró Ìyá, wọ́n dá a padà sínú àpò, wọ́n ní kí kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ò dúró gba ìkíni. Yàrá Tútù ni wọ́n gbà lọ tààrà, pẹ̀lú aṣọ ẹ̀yẹ lára. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bi Rúùtù ẹni tó jẹ́ kí àpò gbẹ báyìí.

Josiah pè mí wọ yàrá Ìyàwó. Mo rò pé yóò bú mi. Ó kàn fa àga fún mi. Lára dígí ojú Ìyàwó, àkọsílẹ̀ àbùkù ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá ló wà níbẹ̀, àti àyè kan tó ń ṣẹ́jú: ta ló fa àbùkù? Orúkọ Ìyá ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ó pa á rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí àyè náà fi ṣófo. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó ní òun lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó tẹ orúkọ mi síbẹ̀. Mo pè é fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó jáde ní àwọ̀ ewé, ó ń tàn nínú òtútù.

Mo wá ka ọjọ́ lórí ìka mi, láti Ìṣẹ́gun tí mo ti mọ òtítọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí di òní. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà gan-an, bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Mẹ́jọ. A sọ ọ́ lórúkọ.